Ìyá Alámì àti Dígí Ojú Òsì

Kó, kó, kó. Ìró ṣíbí onígi lórí ọmọrí ìkòkò ni. Bí ènìyàn bá béèrè lọ́wọ́ Ìyá Alámì lónìí pé kí ni etí rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́ láyé, kò ní sọ pé orin ni, kò ní sọ pé òjò ni. Ìró yìí ni yóò dá lóhùn. Ìyá rẹ̀ kì í déédéé pe ọmọ. Á kọ́kọ́ fi ṣíbí kan ọmọrí ìkòkò bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn onílé, kí gbogbo ilé lè pa rọ́rọ́, ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò tó sọ ẹni tó ń pè.

Méjì sì ni orúkọ tó fi ń pe ọmọ rẹ̀. Bó bá ní, "Ẹyẹlé mi o!" ọmọ á ti mọ̀ pé ire ló dé: bóyá ìsàlẹ̀ ìkòkò wà tí wọ́n fẹ́ kó lá, bóyá irun ni wọ́n fẹ́ dì fún un, bóyá ìyá rẹ̀ kàn fẹ́ rí ojú rẹ̀ ni. Eré ni yóò sá wá, eyín gbogbo á wà níta. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ "Ìwọ ọmọ yìí!" ni ìyá rẹ̀ pè, ọmọ mìíràn ni yóò yọ láti ẹ̀yìnkùlé: ọmọ tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, tó ti fi ọwọ́ bo etí kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, tó ti ń ṣe àwíjàre ọ̀ràn tí wọn kò tíì fi lọ̀ ọ́.

"Kì í ṣe èmi o, Mọ́mì. Ó ti fọ́ tẹ́lẹ̀."

"Kí ló ti fọ́ tẹ́lẹ̀?"

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn tí ìyá kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀ ṣe máa ń tú síta. Ọmọ kan náà ni o, ara kan náà, ẹsẹ̀ méjì kan náà. Orúkọ tí wọ́n fi pè é ló ń sọ irú ọmọ tí yóò jẹ́ ìpè.

Ọmọ yẹn ti di ìyá, ó ti di opó, ì bá sì ti di ìyá àgbà bí ọmọbìnrin rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, bá ń gbọ́ràn. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe gíláàsì ojú ló ti ń jẹun láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn ni tirẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ̀rọ tó ń lọ dígí ti ń kùn bí agbọ́n látàárọ̀ dalẹ́. Tábìlì kan ló wà níbẹ̀, àti fèrèsé kan tó kọjú sí ògiri aládùúgbò, àti kọ̀ǹpútà, àti ẹ̀rọ kékeré kan tó ba sórí tábìlì bí adìẹ tó fẹ́ ṣá ọkà. Ìyẹn ni ẹ̀rọ alámì. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó kán tàdáwà bíńtín sára dígí, níbi tí ẹyinjú ẹni tó ni gíláàsì yóò ti máa wò jáde. Àmì yìí ni àwọn tó ń gé dígí máa ń tẹ̀ lé kí wọ́n tó fi í sínú férémù.

Iṣẹ́ kékeré, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ yẹpẹrẹ. Ẹyinjú ènìyàn kì í wà ní àárín gbùngbùn férémù, ó máa ń fà sí ọ̀dọ̀ imú díẹ̀. Nítorí náà, àmì ojú ọ̀tún á fà sí apá kan, àmì ojú òsì á fà sí apá kejì, kí àwọn méjèèjì lè jọ kọjú sí imú bí ìbejì tó ń wo ọmú. Bí àmì bá yẹ̀, dígí ṣì máa wọ férémù pẹ̀sẹ̀, á máa dán, á wu ojú. Ẹni tó bá gbé e wọ̀ nìkan ni yóò mọ̀, nígbà tó bá ń rí àtẹ̀gùn kan bí méjì, tí orí ń fọ́ ọ, tó sì ń ṣépè fún ẹni tí kò mọ̀ rí.

Ọ̀gá kan tí wọ́n ń pè ní Onírùngbọ̀n ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ alámì. Ọkùnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àfi bí ẹni pé irùngbọ̀n rẹ̀ ló ń jẹ èyí tó kù. Ó kọ ètò náà ní ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè kà, ó wá sè é di fáìlì tí ẹ̀rọ nìkan gbọ́. Nígbà tó kú, wọ́n wá èyí tó kọ́kọ́ kọ títí, wọn kò rí i. Èyí tó ti jinná nìkan ló kù. Kò sí ẹni tó lè ṣí i wò, kò sí ẹni tó lè fi kún un tàbí yọ kúrò níbẹ̀. Iyọ̀ ti yòrò sínú ọbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe pọ̀ tó, àfi kó fi ẹnu tọ́ ọ wò.

Lílò rẹ̀ kò le. Ìyá Alámì á tẹ orúkọ ètò náà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kan, á fi àlàfo sí i, á tẹ bí férémù ṣe fẹ̀ tó, á tún fi àlàfo sí i, á tẹ bí ẹyinjú ṣe jìnnà sí imú tó. Ètò náà á jí, á ka ohun tó wà lórí ìlà, á ṣe é, á tún padà sùn. Kì í béèrè ohunkóhun. Ó dà bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́, tí wọ́n to gbogbo rẹ̀ sí i létí kó tó kọjá ẹnu ọ̀nà: ohun tí wọ́n bá wí fún un ló mọ̀, ohun tí wọn kò bá wí, kò sí níbẹ̀.

Nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́, fáìlì méjì ni ètò náà jẹ́. Ọ̀kan ń jẹ́ ọ̀tún, ìkejì ń jẹ́ òsì. Bí Ìyá Alámì bá ń ṣe dígí ojú ọ̀tún, ọ̀tún ni yóò fi bẹ̀rẹ̀ ìlà. Bó bá kan ojú òsì, á fi òsì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí Onírùngbọ̀n ṣe kọ́ ọ nìyẹn, bó sì ṣe ń ṣe é nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ìdí.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà tuntun dé, Ẹnjiníà ló wá kó ẹrù látinú ti àtijọ́ sínú rẹ̀. Ẹnjiníà yìí jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin onísùúrù, ẹni tí ẹ̀wù rẹ̀ máa ń mọ́ ju iṣẹ́ tó ń ṣe lọ. Ó tẹjú mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ó fọwọ́ pa irun àgbọ̀n tí kò tíì hù.

"Mọ́mì, ẹ wá wo nǹkan. Ẹ rí fáìlì méjì yìí? Ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo fi wéra títí dé ìsàlẹ̀, kò sí ibi tí wọ́n ti yàtọ̀."

"Bí Ọ̀gá ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn."

"Ṣé wọ́n sọ ìdí rẹ̀?"

"Onírùngbọ̀n? Sọ kí ni?" Ìyá Alámì bú sẹ́rìn-ín. "Nọ́ńbà ojú ọ̀tún kúkú yàtọ̀ sí tòsì, èmi náà ni mò ń tẹ méjèèjì. Àwọn ọkùnrin ìgbà yẹn! Wọ́n á ra ṣòkòtò méjì aláwọ̀ kan náà, wọ́n á ní ọ̀kan ti àárọ̀ ni, ọ̀kan tìrọ̀lẹ́."

"Ká kúkú mú ọ̀kan, kó má baà máa dà wá láàmú. Kí ni kó máa jẹ́?"

"Àmì," ni Ìyá Alámì wí. "Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn."

"Ẹ kú oríire, ìyá ọmọ tuntun."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ lọ sí yàrá ẹrù, wọ́n fi kọ́tìnì tó ti ya bò ó. Láti ọjọ́ náà, àmì ni Ìyá Alámì fi ń bẹ̀rẹ̀ ìlà rẹ̀, ìbáà ṣe ojú ọ̀tún, ìbáà ṣe ojú òsì.

Ẹni tó ń yẹ dígí wò nílé iṣẹ́ náà jókòó sí yàrá iwájú. Bàbá arúgbó pẹ̀lẹ́ńgẹ́ kan ni, Kò-gba-gbẹ̀rẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí bí dígí bá yẹ̀ bí ìbú irun, á dá a padà, àní bó jẹ́ ti Ọ̀gá Obìnrin tó ni ilé iṣẹ́. Ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó dá dígí padà lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà tuntun dé, ó gbé e wá fúnra rẹ̀.

"Ìyá Alámì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ̀yin àti ẹlẹ́gíláàsì yìí ń jà ni?"

"Jà bí ti báwo, Bàbá?"

"Àmì yín sá fún imú. Etí ló ń wò. Ẹni yìí á máa fi ojú òsì gbọ́rọ̀."

Ìyá Alámì rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀bẹ̀, ó mú dígí tuntun, ó tún un tẹ̀. Kò pẹ́ tí èyí náà fi padà wá.

"Ẹ ò gbọ́ mi ni? Mo ní imú!"

Òmíràn tún padà, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Gbogbo wọn, ojú òsì ni. Ti ọ̀tún kò ní àbùkù kankan. Ìyá Alámì bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà sókè bí ọmọ iléèwé kó tó tẹ̀ ẹ́. Ó ń fi ìka tọ ìlà. Ó nu gíláàsì ojú ara rẹ̀, ó tún un nù. Dígí ṣì ń padà. Nígbà tó yá, Kò-gba-gbẹ̀rẹ́ kò ṣe àwàdà mọ́. Ó ń rọra gbé dígí náà sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, á ní "ẹ kú iṣẹ́", á yí padà lọ. Ọjọ́ tí Kò-gba-gbẹ̀rẹ́ dẹ́kun àwàdà gan-an ni àyà Ìyá Alámì já.

Nítorí bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára ìyá tirẹ̀ nìyẹn.

Bàtà ló fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀, ẹni tó máa ń múra bí ẹyin, jáde lọ́jọ́ kan pẹ̀lú bàtà ọ̀tún ní ẹsẹ̀ òsì. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ń ti ọwọ́ òsì bọ apá ọ̀tún ẹ̀wù. Lẹ́yìn náà ó ń jáde nílé, ó ń yà sí òsì níbi tó ti ń yà sí ọ̀tún láti ìgbà ìgbéyàwó rẹ̀, àwọn aládùúgbò á sì fà á lọ́wọ́ padà wálé. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kú, kò mọ ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé tọ̀ ọ́, "Ìyá mi" ló ń pè é: dókítà, aládùúgbò, ọkùnrin tó wá tún iná ṣe. Ó pe ọmọ rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Ìyá Alámì máa ń ní, "Rárá, Mọ́mì, ọmọ yín ni mí, Ẹyẹlé yín," ìyá rẹ̀ á sì máa sunkún, á kọ oúnjẹ. Ó wá kẹ́kọ̀ọ́. Bí wọ́n bá ti pè é ní ìyá, á jẹ́ ìyá. Á ní, "Ọmọ mi, ya ẹnu," ìyá rẹ̀ á sì jẹun.

Kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́. Nílé, ó ń yẹ ara rẹ̀ wò ní ìkọ̀kọ̀. Bó bá jí, á gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, á gbé tòsì sókè, á sì béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ èwo ni èwo. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe ń jáde, ọmọbìnrin rẹ̀ pè é láti ìdí tábìlì.

"Mọ́mì, bàtà yín!"

Ó wo ilẹ̀. Ọ̀tún wà ní ọ̀tún, òsì wà ní òsì. "Kí ló ṣe bàtà mi?"

"Erùpẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ n bá yín nù ún." Ọmọ náà dìde, aṣọ ìnuwọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rí ojú ìyá rẹ̀. "Mọ́mì? Kí ló dé?"

Ibẹ̀ ni Ìyá Alámì ti jókòó, tó sì tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀: dígí, ojú òsì, Kò-gba-gbẹ̀rẹ́ tí kò ṣàwàdà mọ́. Ọmọ rẹ̀ gbọ́ ọ dópin. Kò sọ pé kó má ronú. Ì bá dùn mọ́ Ìyá Alámì ká ní ó sọ bẹ́ẹ̀. Ojú nọ́ọ̀sì ló fi ń wò ó, kì í ṣe ojú ọmọ.

"Ẹ jẹ́ ká rí dókítà lọ́jọ́ Ẹtì," ló wí. "Ká kàn rí wọn ni."

Ọ̀nà ibi iṣẹ́ gùn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà, Ìyá Alámì ti pinnu: kò ní dúró de ìgbà tí wọ́n á fà á lọ́wọ́ kúrò nídìí ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ lójú títì. Á fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún Ọ̀gá Obìnrin, á kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú iyì rẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá iwájú ni ènìyàn ń gbà kọjá lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá, Kò-gba-gbẹ̀rẹ́ sì wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ kan wà lẹ́nu ẹ̀rọ àyẹ̀wò, ìkejì wà lára ẹni tó ń kọjá.

"Ibo lẹ ń lọ tẹ́ ẹ fi di gèlè bí ẹni tó ń lọ jẹ́rìí?"

"Mo fẹ́ sọ fún Ọ̀gá pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn sídìí àmì."

Bàbá náà gbé orí sókè. "Nítorí kí ni?"

"Ẹ̀yin náà kúkú rí i, Bàbá."

"Dígí ni mo rí. Èmi ò rí yín. Dígí ni wọ́n ní kí n máa yẹ̀ wò." Ó fi ọwọ́ na àga sí i. "Ẹ jókòó."

"Bàbá, ẹ jẹ́ n..."

"Mo ní ẹ jókòó. Ẹnjiníà! Gbé ife tíì yẹn sílẹ̀, wá síbí!"

Ẹnjiníà dé. Kò-gba-gbẹ̀rẹ́ kò ṣàlàyé ohunkóhun. Ó na ìwé dókítà ojú kan sí i, ó ní kó lọ sídìí ẹ̀rọ alámì, kó ṣe dígí òsì ẹni yìí fúnra rẹ̀, kí Ìyá Alámì má sì bá a dá sí i. Ẹnjiníà wo ojú àwọn méjèèjì, ó lọ. Ìyá Alámì jókòó, ó di àpò rẹ̀ mú lórí itan. Ó ń gbọ́ ìró bọ́tìnnì láti yàrá ẹ̀yìn. Ó gbọ́ tí ẹ̀rọ alámì ṣá dígí, tọ́. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ti mọ̀ pé ti ọmọ yìí á gún régé.

Kò-gba-gbẹ̀rẹ́ gba dígí náà, ó fi sẹ́nu ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Ó wò ó. Ó yí i díẹ̀, ó tún un wò.

"Ẹnjiníà, ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Kí ló dé, sà?"

"Ìwọ náà ti ń ṣarán."

Ó ṣe díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ Ìyá Alámì létí. Nígbà tó wọ̀ ọ́, ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín tí kò mọ ibi tó ti ń bọ̀, títí omi fi ń dà lójú rẹ̀, tí àpò bọ́ lórí itan rẹ̀, tí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sì túká sílẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í léèrè. Kò-gba-gbẹ̀rẹ́ kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá a ṣa wọ́n.

"Ṣé ó dá ọ lójú pé nọ́ńbà tó tọ́ lo tẹ̀?" ni Ìyá Alámì béèrè lọ́wọ́ Ẹnjiníà nígbà tí ohùn rẹ̀ padà. Ẹ̀rù ṣì ń bà á pé ayọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀.

"Mọ́mì, ojú ara mi ni mo fi kà á lórí ìwé. Mo tẹ̀ ẹ́ tán, mo tún un kà kí n tó rán an."

"Kò sí lọ́wọ́ yín, kò sí lọ́wọ́ tiẹ̀ náà," ni Kò-gba-gbẹ̀rẹ́ wí. "Ó wà nínú kọ̀ǹpútà tuntun yẹn. Ibo ni ti àtijọ́ wà?"

Wọ́n ká kọ́tìnì tó ya náà kúrò lórí rẹ̀ nínú yàrá ẹrù. Eruku bo Ẹnjiníà, ó sín títí. Nígbà tí kọ̀ǹpútà náà jí tán, tí wọ́n ti fa okùn ẹ̀rọ alámì sí i, Ìyá Alámì ní òun ni òun máa tẹ̀ ẹ́. Ìka rẹ̀ kò gbàgbé. Òsì, àlàfo, fífẹ̀ férémù, àlàfo, bí ẹyinjú ṣe jìnnà sí imú. Tọ́. Kò-gba-gbẹ̀rẹ́ gbé dígí náà lọ, ó sì ké láti yàrá iwájú pé, "Imú! Imú ló ń wò!"

Ẹnjiníà nìkan ni kò yọ̀. Ó tún fi fáìlì inú kọ̀ǹpútà méjèèjì wéra. Wọ́n dọ́gba títí dé ìsàlẹ̀.

"Kò yé mi," ló wí. "Ètò kan náà ni. Ẹ̀rọ kan náà ni. Ìlà kan náà la tẹ̀."

"Kì í ṣe ìlà kan náà," ni Ìyá Alámì wí.

Kò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà àtijọ́, níbi tí ìlà rẹ̀ ṣì wà, òsì níwájú, nọ́ńbà méjì lẹ́yìn. Ohun tó ń gbọ́ ni ṣíbí lórí ọmọrí ìkòkò, àti ìdákẹ́jẹ́ tó máa ń tẹ̀ lé e, nígbà tí ọmọ bá dúró lẹ́yìnkùlé, tí kò tíì mọ ọmọ wo ni òun máa jẹ́.

"Ẹnjiníà, nígbà tí mo bá rán ìlà yìí, kí ni ètò náà kọ́kọ́ ń gbọ́?"

"Nọ́ńbà àkọ́kọ́, Mọ́mì. Fífẹ̀ férémù." Ó fi ọwọ́ lu iwájú orí. "Rárá o. Rárá, orúkọ ni. Orúkọ tí a fi pè é ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbé lé e lọ́wọ́. Ipò òdo ni orúkọ wà, nọ́ńbà wá ń bẹ̀rẹ̀ láti ipò kìíní. Gbogbo ètò ni wọ́n ń fún lórúkọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í yà sí i. Ta ló máa ń wo orúkọ ara rẹ̀?"

"Èyí ń wò ó."

"Èyí ń wò ó," ni Ẹnjiníà gbà. "Bí wọ́n bá pè é ní òsì, á fa àmì sí apá tó bá ojú òsì mu. Ìdí nìyẹn tí Onírùngbọ̀n fi fi í sílẹ̀ lórúkọ méjì. Ètò kan, ìwà méjì. Àwa wá pè é ní àmì, kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀..."

"Ó wá ń ṣe bí ọ̀tún fún gbogbo ènìyàn," ni Ìyá Alámì parí rẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó mọ ẹnìkan tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ẹni tí ojú gbogbo ayé dàrú mọ́ lójú, tó sì di orúkọ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù mú, tó ń fi í kí gbogbo ẹni tó wọlé.

Kò-gba-gbẹ̀rẹ́ ti padà dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ kó ọmọ ọlọ́mọ wálé, ẹ ò wo ilé kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ lórúkọ. Ta ló tiẹ̀ sọ ọ́ ní àmì?"

"Èmi ni!" ni Ìyá Alámì dáhùn, ó sì nàró. Láti ìgbà tó ti dáyé, ẹ̀bi kò dùn mọ́ ọn tó báyìí rí. "Èmi gan-an ni mo sọ ọ́. Ẹnjiníà kò mọwọ́ mẹsẹ̀."

"Ẹ wo bó ṣe ń yọ̀. Gbogbo dígí tẹ́ ẹ ti bà jẹ́ ńkọ́?"

"Màá tún gbogbo wọn ṣe."

"Ẹ máa tún gbogbo wọn ṣe, èmi náà á sì tún gbogbo wọn yẹ̀ wò. Ojú mi wọ̀nyí! Ẹ ò tiẹ̀ kẹ́dùn wọn."

Àtúnṣe náà kò gbà ju kí ènìyàn mu ife omi kan lọ. Ẹnjiníà ṣe ẹ̀dà fáìlì náà sí méjì nínú kọ̀ǹpútà tuntun, ó pe ọ̀kan ní ọ̀tún, ó pe ìkejì ní òsì, ó sì pa èyí tó ń jẹ́ àmì rẹ́. Ìyá Alámì jókòó sí àyè rẹ̀. Ó tẹ òsì, ó tẹ nọ́ńbà méjèèjì, kò kà wọ́n sókè. Ẹ̀rọ náà gbé orí, ó fà sí apá ibi tí kò fà sí láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà tuntun ti dé, ó ṣá dígí. Tọ́. Kí Kò-gba-gbẹ̀rẹ́ tó gbé e dé ẹnu ẹ̀rọ àyẹ̀wò, Ìyá Alámì ti gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó ti rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ pé imú ló kọjú sí.

Nígbà ìsinmi ọ̀sán, ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù.

"Mọ́mì! Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ pè mí lẹ́nu iṣẹ́?"

"Kò sí nǹkan ni mo sọ. Kò sí nǹkan rárá, ìyẹn ni mo fi pè ẹ́. Ẹ̀rọ ni. Kì í ṣe èmi, ẹ̀rọ ni."

Ó gbọ́ kẹ̀kẹ́ aláìsàn tó ń kọjá lódìkejì, ó gbọ́ tí ẹnìkan ń pe nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ fa imú.

"Àbí ò ń sunkún ni?"

"Mi ò sunkún. Ọ̀fìnkìn ni." Ọmọ náà tún fa imú. "Ẹ ṣì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì o."

"Ṣe kí ni? Orí mi pé!"

"Ká wo ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Ẹni tó fi ọjọ́ gbogbo wọ̀nyẹn gbé irú ẹrù yìí láyà, tí kò sọ fún ọmọ rẹ̀! Ẹ̀ ń bọ̀ ni."

"Ó dáa, Dókítà," ni Ìyá Alámì wí, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi janpata.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwọn dígí òsì náà ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Kò-gba-gbẹ̀rẹ́ ń gbà wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ó ń bú olúkúlùkù wọn. Eléyìí, ó ní, férémù rẹ̀ burú bí ẹni tó ni ín. Tọ̀hún, ó ní, kí wọ́n tiẹ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ọkọ obìnrin tó ni ín lè di méjì lójú rẹ̀, bóyá á rí ọ̀kan tó dáa nínú wọn. Ìyá Alámì ń dá a lóhùn láti yàrá ẹ̀yìn, ẹ̀rọ tó ń lọ dígí sì ń kùn láàárín àwọn méjèèjì.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tó délé. Ọmọ rẹ̀ ṣì wà níbi iṣẹ́. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, kò wo èwo ni èwo. Ó gbé oúnjẹ kaná, ó dúró tì í, ó rò ó, ó bu tirẹ̀, ó bu ti ọmọ rẹ̀ sínú abọ́, ó sì fi abọ́ mìíràn dé e. Ó jókòó jẹun ní ilé ìdáná níbẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka lá ìsàlẹ̀ ìkòkò bí ẹni tí kò sẹ́ni tó ń wò.

Ó gbé ìkòkò náà sínú ọpọ́n ìfọ̀. Ó fi kànìnkànìn ha ibi tó gbẹ mọ́ ọn, ó fọ ṣíbí onígi, ó fọ ọmọrí. Ọmọrí bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó kan etí ọpọ́n, ó dún, Ìyá Alámì sì mú un kó tó dé ilẹ̀. Ó ṣan wọ́n lómi mímọ́. Ó da ìkòkò dojú dé lórí pákó, ó fi ọmọrí ti ògiri, ó da omi ìdọ̀tí nù, ó sì fún aṣọ ìnukòkò, ó fi í kọ́.